Ẹ gbà wá nímọ̀ràn lórí ẹgbẹ́ wa tó jáde láyé

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi. Ìlọrin ni mo wà. Ọ̀kan nínú àwa dírẹ́bà ibi iṣẹ́ wa jáde láyé, a sì ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn bàbá yìí. Tó bá ti di ọjọ́ Jímọ̀, á ra wàrà díndín wá láti Ọjà Ìpàtà, á bu ata gígún sí i, á ní kí gbogbo wa wá jẹ, tọ̀gá tọmọọṣẹ́. Ẹni tí mọ́tò bá kọṣẹ́ fún lójú ọ̀nà, òun ló máa kọ́kọ́ pè, ì báà jẹ́ òru.

A ti dáwó jọ. Àwọn kan ní ká fi ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún àdúà ogójì ọjọ́. Mi ò fara mọ́ ìyẹn rárá. Àwọn kan ní ká gbẹ́ kànga sí àdúgbò rẹ̀, kó jẹ́ sàdákátù járíyà, kí láádá rẹ̀ máa bá a nínú sàréè. Èyí wù mí, àmọ́ àbíkẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé. Ta ló máa sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀?

Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni pé ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nínú opó, oṣù 4 àti ọjọ́ 10 kò tíì pé, ọkùnrin sì ni gbogbo wa. Ṣé ó bójú mu ká lọ kówó lé e lọ́wọ́, àbí ká gbé e gba ọwọ́ mọ̀lẹ́bí? Ẹ̀rù ń bà mí pé owó náà lè má dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà.

Ẹ̀yin àáfà àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?