Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ọjọ́ mẹ́rin ní ìwọ̀-oòrùn Kogi, etí odò, òkè àti ibùgbé àwọn ará àtijọ́

BàbáTáyé
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí o. Èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ méjì (ọmọ ọdún 9 àti 12) fẹ́ wa mọ́tò láti Ìbàdàn wá sí ìwọ̀-oòrùn Kogi ní oṣù Kejìlá. Àwọn ọmọ fẹ́ rí etí omi, òkè ló wu èmi, ìyàwó mi tó jẹ́ olùkọ́ ìtàn sì fẹ́ dé ibi tí àwọn ará àtijọ́ gbé. Ibo ni ká kọ́kọ́ dé, ibo la ó sì máa sùn?

ỌmọOwé
Òkun o, ẹ̀gbọ́n! Bí a ṣe ń kíra wa nílé nìyẹn. Ẹ bá ti fi kí èèyàn, ojú rẹ̀ á là sí yín. Ẹ gba Ìkọ̀lé bọ́ sí Ọ̀mùò, kí ẹ kọjá Ìyámoyè wá sí Kàbà. Kàbà ni kí ẹ máa sùn ní alẹ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bí àwọn àlejò tó máa ń sáré kọjá lọ sí Lọ́kọ́ja. Ó máa ń dùn mí.

TíṣàÌjùmú
Ti ìyàwó yín ni màá dáhùn, torí ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi. Ìfẹ̀-Ìjùmú ni kí ẹ lọ. Ibẹ̀ ni abẹ́ àpáta tí wọ́n ń pè ní Itaakpa wà. Àwọn awalẹ̀pìtàn gbẹ́ ibẹ̀, wọ́n rí egungun èèyàn, àpáàdì, àti èèpo ẹkùrọ́ tó ti lé ní 2,000 ọdún. Ẹ rò ó wò: àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ àpáta yẹn, wọ́n jẹ ẹyìn, wọ́n da èèpo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní! Nígbà tí mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí ẹsẹ̀ àpáta kan ládùúgbò wa, ọmọ kan ṣa àpáàdì tí kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Ó nu iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, a sì rí ojú okùn tí amọ̀kòkò yí lé e lára nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Gbogbo wọn dákẹ́. Mo ní kó dá a padà síbi tó ti ṣa á, ó sì dá a padà.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín náà nìyẹn. Ẹ má mú nǹkan kan kúrò, ì báà jẹ́ àáké òkúta dídán tí àwọn àgbà ń pè ní ẹdùn àrá. Tí wọ́n bá ti ṣí i nípò, kò lè sọ ìtàn mọ́.

Láti ibẹ̀, ẹ ya Ògìdì. Ìlú Níkẹ̀ẹ́ Òkúndayé ni, ẹni tí iṣẹ́ àdìrẹ rẹ̀ kárí ayé, ó sì ní ibi iṣẹ́ ọnà síbẹ̀. Àpáta yí ìlú náà ká.

ÌyáBùnú
Ẹ má gbàgbé àwa ará Bùnú, nítòsí Kàbà, o. Láyé àtijọ́, àwọn obìnrin Bùnú ló máa ń hun aṣọ ìpo, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn èèyàn ńlá. Òwú pupa ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn, wọ́n a máa tú bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù láti fi hun ún. Ìyá mi àgbà ní ẹyọ kan nínú àpótí, kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá rí ìyá tó ṣì ń hun aṣọ, ẹ jókòó tì í díẹ̀.

AwakọGbẹ̀dẹ̀
Ọ̀nà ló kàn mí. Láti Kàbà sí Lọ́kọ́ja, Ọ̀bájánà lẹ máa gbà, tírélà sìmẹ́ńtì sì pọ̀ níbẹ̀. Táyà mi méjì ló bẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ gbé sípíà tó dáa. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má rìn lálẹ́ rárá, torí àwọn ajínigbé. Ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì Kàbà láàárọ̀ bí ọ̀nà ṣe rí. Bí wọ́n bá ní ẹ dúró, ẹ dúró.

AráLọ́kọ́ja
Kò sí òkun lọ́dọ̀ wa, àmọ́ Odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé níbí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wa mọ́tò gun Òkè Patti. Igi oṣè ńlá kan wà lókè, ilé tí Lugard, gómìnà òyìnbó ayé àtijọ́, máa ń lò sì wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti rí odò méjèèjì: àwọ̀ wọn yàtọ̀, wọ́n sì máa ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó pò. Oṣù Kejìlá dáa, àkúnya ti lọ nígbà náà. Ní 2012 àti 2022, omi wọlé àwọn èèyàn. Àmọ́ bí ọyẹ́ bá mú gan-an, ẹ ò ní rí odò láti òkè, torí náà ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ló sàn.

Àwọn ọmọ lè wo àwọn apẹja ní etí omi láàárọ̀. Ẹ ra ẹja tútù, kí ẹ ní kí wọ́n fi ata sè é fún yín. Fún ìyàwó yín, ẹ béèrè ibi irin òmìnira tí wọ́n ti ń tú ẹrú sílẹ̀, ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity. Àjàyí Crowther, tí wọ́n ta lẹ́rú ní kékeré, ṣiṣẹ́ ìyìn rere nílùú yìí.

BàbáTáyé
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyàwó mi ti ń fi ìwé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n béèrè: ta la máa rí ní Ìfẹ̀-Ìjùmú kí a tó lọ sí àpáta yẹn?

TíṣàÌjùmú
Ààfin ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ mú obì dání. Wọ́n á fún yín ní ẹni tó máa mú yín lọ. Ẹ má wọ sálúbàtà o, koríko ibẹ̀ mú. Kí àwọn ọmọ sì gbé tọ́ọ̀ṣì dání.