Ta ló ti lo @antfu/ni níbi tí èèyàn pọ̀ nídìí kóòdù kan? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí kóòdù. Ọ̀rọ̀ npm, yarn àti pnpm yìí, àwọn irinṣẹ́ tá a fi ń gbé package (kóòdù táwọn ẹlòmíì ti kọ) wọlé nínú iṣẹ́ JavaScript, ti sú mi. Pnpm la jọ fẹnu kò sí, síbẹ̀ ẹnì kan á kàn tẹ `npm install`, package-lock.json á yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pnpm-lock.yaml, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ò wá ní ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì mọ́.

Mo wá rí @antfu/ni tí Anthony Fu ṣe, lockfile (fáìlì tó ń tọ́jú version àwọn package, bíi méjì tí mo dárúkọ lókè yẹn) tó bá bá nínú fódà ló máa wò kó tó mọ èyí tó máa pè, tẹ́ ẹ bá tẹ `ni` lásán á ṣe install, `nr dev` á bá yín ran script, `nun` á yọ package kúrò. Ó wù mí gan-an! Àmọ́ àwọn kan nínú wa ń lo Windows, PowerShell tí wọ́n fi ń tẹ àṣẹ níbẹ̀ sì ti ní `ni` tiẹ̀ fún New-Item (àṣẹ tó ń dá fáìlì tàbí fódà tuntun), báwo lẹ ṣe yanjú ìyẹn?

Àbí kí n kúkú kọ packageManager sínú package.json kí n fi Corepack (irinṣẹ́ tó ń rí i pé pnpm tá a kọ síbẹ̀ la lò) ṣọ́ wọn? Node 25 (Node ló ń ran JavaScript lórí kọ̀ǹpútà wa) ò gbé Corepack wá mọ́ ṣá, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo `nci` (àṣẹ @antfu/ni tó ń ṣe install bí lockfile ṣe wí gan-an) nínú CI (ibi tí kóòdù ti ń gba àyẹ̀wò fúnra rẹ̀), ṣé ó fọkàn yín balẹ̀?