Fídíò ìgbéyàwó kò kéré nínú zip: báwo ni kí n ṣe dín in kù, kí n sì tì í pa kí n tó fi ránṣẹ́?

Ayàwòrán Ojúẹlẹ́gbà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe ní Sùrúlérè. Mo ya ìdána àti ìgbéyàwó kan ní Yábàá fún ìdílé kan tí àwọn òbí ìyàwó ń gbé ní London, wọ́n sì ti bẹ̀ mí pé ojú ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ kan án, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé àti àdúrà àwọn àgbà wà nínú rẹ̀. Fídíò náà gùn tó wákàtí méjì, ó sì tó 45GB. Mo fi zip fún un pọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kò dín kù ní ọ̀nà tí ojú lè rí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló fà á? Báwo ni mo sì ṣe lè fi páswọ́ọ̀dù tì í, kí ó dé ọwọ́ wọn láìséwu, kí ẹ̀dà tí mo fi pamọ́ sí ṣọ́ọ̀bù má sì ṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mi?

Olùkọ́ Ẹ̀bútè Mẹ́tta

Ọ̀gá Ayàwòrán, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ẹ ń béèrè lọ́wọ́ zip, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló sì lè ṣe. Kámẹ́rà yín ti fún fídíò yẹn pọ̀ kí ó tó kọ ọ́ sórí káàdì. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní H.264, tó jáde ní 2003, ni ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń lò: bí ògiri gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ìyàwó kò bá yí padà láti àwòrán kan sí èkejì, kò ní kọ ògiri náà lẹ́ẹ̀mejì, ohun tó bá mira nìkan ni yóò kọ. Ohun tó ń tún ara rẹ̀ sọ nínú fáìlì ni zip náà ń wá kiri kí ó lè dín in kù, kámẹ́rà sì ti kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kúrò. Gbágùúdá tí jáàkì ti fún omi rẹ̀ tán ni ẹ tún gbé fún zip.

Kí fídíò náà tó lè kéré, ẹ ní láti fi HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, tún un kọ; ọ̀fẹ́ ni. 45GB fún wákàtí méjì jẹ́ 50 mẹ́gábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá sọ ọ́ di mẹ́gábíìtì 8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò náà yóò bọ́ sí nǹkan bíi 7GB, yóò sì ṣì dùn ún wò. H.265, tó jáde ní 2013, lè fi nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n yẹn gbé àwòrán tó dára bákan náà, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kí ó tó parí, àwọn láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sì máa ń tiraka láti gbé e jáde. Nítorí àwọn òbí tó fẹ́ wò ó, H.264 ni èmi yóò yàn.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ má ṣe fi ibi tí bàbá ìyàwó ti jókòó tí wọ́n ń ṣàdúrà dán an wò. Ibi tí wọ́n ti ń ná ìyàwó lówó ni kí ẹ gé ìṣẹ́jú kan nínú rẹ̀: gèlè tó ń dán, léèsì olókùúta, owó tó ń fò lókè, iná aláràbarà, gbogbo rẹ̀ ló ń mira lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni àwòrán ti máa ń kọ́kọ́ fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹ bá dín in kù jù. Bí ibẹ̀ bá dára, ìyókù yóò dára. Ẹ má ṣe pa ojúlówó tí kámẹ́rà kọ rẹ́ o, nítorí ohun tí HandBrake bá yọ dànù kò ṣe é dá padà.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Òótọ́ ni Olùkọ́ sọ. Ẹ kọ́kọ́ dín in kù kí ẹ tó tì í, nítorí pé nínú fáìlì tí a ti tì pa, kò sí ohun tó jọra mọ́ tí a lè fún pọ̀. 7-Zip, ètò kọ̀ǹpútà tó ń di fáìlì tó sì ń fi páswọ́ọ̀dù tì í, ni kí ẹ fi tì í. Ẹ yan 7z (irú fáìlì tirẹ̀), ẹ yan Store kí ó má baà fi àkókò ṣòfò láti tún un fún, kí ẹ sì fi àmì sí Encrypt file names. AES-256, ọ̀nà ìtìpa tó lágbára, ni 7z ń lò. Bí ẹ kò bá fi àmì sí ibẹ̀, ẹni tí kò ní páswọ́ọ̀dù kò ní lè wo fídíò náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò ka orúkọ fáìlì, bí orúkọ ìdílé bá sì wà níbẹ̀, yóò rí i. Bó bá jẹ́ zip ni ẹ fẹ́ lò dandan, ẹ má ṣe yan ZipCrypto, ọ̀nà ìtìpa àtijọ́ ti zip, nítorí àwọn onímọ̀ Biham àti Kocher ti fi hàn láti 1994 pé ó ṣe é já.

Páswọ́ọ̀dù wá ńkọ́? Orúkọ ọkọ àti ìyàwó tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó kò dára rárá: wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára abọ́ àti táwẹ́ẹ̀lì tí àwọn àlejò gbé lọ sílé. Ọ̀rọ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tí kò bára tan, tí ẹ kọ láìsí àmì ohùn kí ó má baà nira láti tẹ̀ lórí fóònù, ló dára. Ẹ pè wọ́n kí ẹ sọ ọ́ sí wọn létí; ẹ má ṣe kọ ọ́ sínú ímeèlì kan náà tí ẹ fi líǹkì sí.

Ayàwòrán Ojúẹlẹ́gbà

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Fóònù Android ni ìyá ìyàwó ń lò jù. Ṣé yóò ṣí i? Íntánẹ́ẹ̀tì wa níhìn-ín sì máa ń já lójijì. Ṣé mo lè gé e sí wẹ́wẹ́?

Ọmọ Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n, méjèèjì ló ṣe é ṣe. Áàpù kan tí wọ́n ń pè ní ZArchiver máa ń ṣí 7z onípáswọ́ọ̀dù lórí Android. Ní ti gígé, ẹ kọ 1900m sí ibi tí 7-Zip kọ Split to volumes sí, yóò di fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn parí sí .001, .002, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìkọ̀ọ̀kan kò sì ní ju 2GB tí WhatsApp ń gbà fún fáìlì kan. Ìyá ìyàwó yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan, wọn yóò sì tẹ .001 nìkan. Kí ààyè tó ṣófo lórí fóònù tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n fídíò náà. Bí ẹnìkan nínú ilé náà bá ń lo kọ̀ǹpútà, ẹ fi SHA-256 fáìlì kọ̀ọ̀kan (àmì gígùn tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò láti inú fáìlì, tó ń yí padà bí fáìlì bá bàjẹ́) ránṣẹ́ sí i, kí ó fi wé ti fáìlì tó dé ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí tirẹ̀ kò bá bára mu nìkan ni ẹ ó tún fi ránṣẹ́, dípò kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí.

Ní ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ páswọ́ọ̀dù sínú ìwé kan nílé, nítorí bí ó bá sọnù, kò sí ẹni tí yóò bá yín ṣí 7z náà ní gbogbo Computer Village. Ojúlówó kámẹ́rà náà, ẹ tì í bákan náà, ẹ fi Test inú 7-Zip yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tún ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó pa èyí tí a kò tì rẹ́. Ẹ kó o sórí hard disk méjì, kí ọ̀kan má ṣe sùn sí ṣọ́ọ̀bù.