Ṣé kí wọ́n fòfin de géèmù ìbọn?

Ìyá Bọ́lá, Peckham: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bọ́lá, ọmọ ọdún 9, gbé àbúrò rẹ̀ ṣánlẹ̀ lánàá, ó fi rìmóòtù kàn án létí, ó ní, "O ti kú." Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti ń gbá géèmù ọ̀hún. Ṣé kò yẹ kí wọ́n fòfin dè é ni?

Bàbá Kúnlé: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Bọ́lá. Láti 2012 ni òfin ti wà nílùú ọba níbí: géèmù tí PEGI, ètò tó ń sọ ọjọ́ orí tí géèmù yẹ fún, bá kọ 18 sí lára, wọn ò gbọdọ̀ tà á fún ọmọdé. Àwa òbí là ń rà á wọlé. Ìyẹn ló ń dùn mí.

Àǹtí Ṣadé: California gbìyànjú irú òfin bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù l'Amẹ́ríkà fagi lé e ní 2011. Ẹ lọ bá ìyá ọ̀rẹ́ Bọ́lá.

Ìyá Bọ́lá: Mo ti ń wọ bàtà.