Mariya Takeuchi: ṣé "Plastic Love" nìkan ló ní ni?

ọmọ_ṣàgámù:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó ń gbọ́ orin Japan pọ̀ nínú yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi YouTube sílẹ̀ kó máa yan orin fúnra ẹ̀ lóru, ẹ ó ti bá "Plastic Love" pàdé, èyí tí wọ́n fi fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun sí, ọmọbìnrin kan ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mariya Takeuchi lorúkọ olórin yẹn. Orin náà ti wọ̀ mí lára débi pé kí bẹ́ẹ̀sì tó yí, ẹsẹ̀ mi ti yí.

Àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ẹ̀ kiri, ohun tí mò ń bá pàdé ò bára mu. Àwọn kan ní orin kan ṣoṣo yẹn ló ní, pé wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá kí íntánẹ́ẹ̀tì tó hú u jáde. Àwọn míì ní irọ́ gbuu ni, àgbà ọ̀jẹ̀ ni nílùú wọn. Àwọn kan tún ní ọkọ ẹ̀ ló ṣe gbogbo iṣẹ́, tiẹ̀ kàn ni kó yanu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, kí ló fi gbogbo ọdún wọ̀nyí ṣe gan-an? Kí ni kí n sì tún gbọ́ lẹ́yìn èyí tí mo ti gbọ́?

ìyá_ìbejì_peckham:

Ọmọ Ṣàgámù, o káre tó o béèrè. Orin kan ṣoṣo kẹ̀! Lọ́dún 1994 obìnrin yìí ṣa àwọn orin ẹ̀ jọ sínú àwo kan tó pè ní "Impressions", ó sì tà ju mílíọ̀nù 3 lọ, ariwo "Plastic Love" ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ rárá nígbà yẹn. Ẹni tí wọ́n ti gbàgbé ò lè ta bẹ́ẹ̀ yẹn.

Jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1955 ni wọ́n bí i, ní Taisha ní ìpínlẹ̀ Shimane, ìyẹn jìnnà sí Tokyo dáadáa. Ìdílé ẹ̀ ló ni ilé ìtura kan tí wọ́n ń pè ní Takenoya, láti 1877 ló ti wà níbẹ̀, lẹ́bàá ojúbọ ńlá Izumo, ibi tí àwọn ará Japan ti ń lọ tọrọ ọkọ àti aya rere. Ilé tí èrò ń wọ̀ tí èrò ń jáde ló dàgbà sí. Nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì ó lọ gbé ní Rock Falls, ní Illinois lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti fi kọ́ èdè àti àṣà wọn, ìdí nìyẹn tí Gẹ̀ẹ́sì fi máa ń dùn lẹ́nu ẹ̀ nínú orin. Ó padà wá sí yunifásitì Keio ní Tokyo, ó ń kọrin pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ olórin inú ilé ìwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i, nígbà tó di November 1978 àwo àkọ́kọ́ ẹ̀ jáde, "Beginning".

Ibi tí mo fẹ́ kó o fetí sí nìyí o. Àwọn orin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di èèyàn, òun kọ́ ló kọ wọ́n. "September" ti 1979, Takashi Matsumoto ló kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, Tetsuji Hayashi ló gbé ohùn ẹ̀ kalẹ̀. "Fushigi na Peach Pie" ti 1980, ìpolówó ọjà Shiseido ni wọ́n fi ṣe, àwọn tó ń ta àtíkè àti ìpara, ẹlòmíì ló kọ ìyẹn náà. Ó gba ẹ̀bun olórin tuntun, gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ wọ́n ń gbé e kiri orí tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbé àwọn ọmọge olórin ìgbà yẹn kiri, lónìí ibí, lọ́la ọ̀hún. Ọdún mẹ́ta péré ló ṣe é tó fi fẹsẹ̀ dúró ní 1981. Ó fẹ́ Tatsuro Yamashita, olórin bíi tiẹ̀, ní 1982, ó jókòó sílé.

Ìgbà tó jókòó sílé yìí gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú tèmi. Nígbà tó padà dé ní April 1984 pẹ̀lú "Variety", gbogbo orin inú ẹ̀ pátá, ọ̀rọ̀ àti ohùn, òun ló kọ ọ́. Ipò kìíní ló gbà lórí Oricon, ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn àwo tó ń tà jù ní Japan. Inú àwo yẹn ni "Plastic Love" ti jáde.

eléré_bẹ́ẹ̀sì:

Àǹtí ti sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un lórí orin yẹn fúnra ẹ̀ torí mo ti fi gìtá mi tọ̀ ọ́ títí. Àwọn tó lu orin yẹn, àwọn tó máa ń bá Yamashita ṣiṣẹ́ ni, Jun Aoyama ló wà lórí ìlù, Koki Ito ló ta bẹ́ẹ̀sì, Yamashita fúnra ẹ̀ ló to orin náà, ìyẹn ni pé òun ló yan ohun tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ṣe, òun náà ló sì ta gìtá. Tó o bá fetí sí Aoyama, kì í sáré, kì í fi ìlù ṣe ṣekárími, ibì kan náà ló ń gbé ọ̀pá ìlù sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìlù ẹ̀ wúwo àmọ́ kò le, ìyẹn ló jẹ́ kí Ito lè máa rìn gbẹ̀fẹ́ lábẹ́ ẹ̀, á fò síwájú díẹ̀ á tún padà wá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bẹ́ẹ̀sì kó gbé orin yẹn sétí fún oṣù kan.

Ohun tó wá ń ya àwọn tí ò gbọ́ èdè wọn lẹ́nu ni pé orin ayọ̀ kọ́ o. Obìnrin tí ọkùnrin ti já ọkàn ẹ̀ jẹ ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ti pinnu pé òun ò ní fẹ́ ẹnikẹ́ni tọkàntọkàn mọ́, eré lásán lòun á máa bá ọkùnrin ṣe, ó ń jó lóru, ó ń wọṣọ olówó iyebíye, inú ẹ̀ sì ṣófo. Ìlù ń pè ọ́ sójú agbo, ọ̀rọ̀ orin ń sọ pé má fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mi ò fi lè gbọ́ ọ kó sú mi nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n mú un jáde ní síńgù, ìyẹn lóun nìkan láìsí ìyókù àwo, ní March 1985, ipò 86 ló dé, kò tà. Ní 2017 ni ẹnì kan gbé e sórí YouTube tí ẹ̀rọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í tì í síwájú gbogbo ayé. Fọ́tò tó o rí yẹn, ti orin yẹn kọ́, ti síńgù ẹ̀ míì ni, "Sweetest Music" ti 1980, Alan Levenson ló yà á ní Los Angeles. Ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn ló tiẹ̀ jẹ́ kí wọ́n yọ fídíò náà kúrò nígbà kan lẹ́yìn tó ti ní àwọn tó wò ó ju mílíọ̀nù 20 lọ, wọ́n ṣáà dá a padà. Ilé iṣẹ́ ẹ̀, Warner Music Japan, wá ṣe fídíò kúkúrú sí i ní 2019, wọ́n parí ẹ̀ ní 2021. Ọdún 35 lẹ́yìn tí orin jáde ni wọ́n ń ya fídíò sí i!

àkànbí_ọ̀rọ̀dùn:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin méjèèjì. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ ni àwọn orin tó kọ fún ẹlòmíì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹ̀ wà. Ìgbà tí kò lọ sórí ìtàgé, tí kò lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ilé ló wà tó ń kọ orin fún àwọn ọmọge tó wà lójú ọpọ́n. "Kenka o Yamete" fún Naoko Kawai ní 1982, "Genki o Dashite" fún Hiroko Yakushimaru ní 1984, márùn-ún fún Akina Nakamori nínú àwo "Crimson" ní 1986. Ní 1997, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, ó tún kọ èyí tí Ryoko Hirosue fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ orin. Òun náà á wá fi ohùn tiẹ̀ kọ àwọn kan nínú ẹ̀ padà, ohun tó pọ̀ nínú "Request" ti 1987 nìyẹn.

Nínú gbogbo ẹ̀, ẹ lọ gbọ́ "Eki". Ọ̀kan nínú márùn-ún ti Nakamori ni. Ibùdókọ̀ rélùwéè ló ti ṣẹlẹ̀, ojú ti ń pọ́n lọ sí alẹ́, òjò ń rọ̀, obìnrin kan rí ẹ̀wù òjò kan tó dá mọ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ lọ́jọ́ sí ni. Ọdún méjì ti kọjá. Kò pè é. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀ àmọ́ yàrá tó tẹ̀ lé ti ọkùnrin náà ló lọ dúró sí, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ tó dorí kodò, omi fẹ́ bọ́ lójú ẹ̀, ó wá yé e báyìí irú ìfẹ́ tí ọkùnrin yẹn ní sí i. Ọkọ̀ dúró, èrò gbé ọkùnrin náà lọ, obìnrin náà jáde, òjò ti ń dá, alẹ́ bíi ti gbogbo ọjọ́ ló bá a níta. Ó tán. Wọn ò sọ̀rọ̀ kankan síra wọn! Ẹ sọ fún mi, olórin mélòó ló lè gbé odindi ìtàn yẹn sínú orin kan láì pariwo?

Nakamori rọra ń sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kú sínú ẹ̀, Takeuchi dúró ṣinṣin ó ń ròyìn bí ẹni tó ti dàgbà kọjá ibẹ̀, títí dòní olónìí ni àwọn olólùfẹ́ àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà lórí èyí tó dáa jù. Èmi, ti Takeuchi ni mo mú.

ọmọ_ṣàgámù:

Háà, ẹ̀yin àgbà, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti gbọ́ "Eki" lẹ́ẹ̀mejì látìgbà tí bùrọ̀dá Àkànbí ti kọ eléyìí, ìtàn yẹn mú mi lọ́rùn. Àmọ́ ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ọkọ. Wọ́n ní Yamashita ló to gbogbo orin, òun ló ń darí iṣẹ́ ní sítúdíò, ṣé àwọn tó ń sọ pé ọkọ ẹ̀ ló ṣe é ò wá rí nǹkan sọ ni? Àti pé kí ló dé tí kì í ṣeré níta?

ìyá_ìbejì_peckham:

Yamashita jẹ́ ọ̀gá, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn, láti "Variety" síwájú òun ló ń to orin ìyàwó ẹ̀ tó sì ń darí iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n tó o bá mú àwọn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí obìnrin yẹn kọ kúrò, kí ni Yamashita máa tò? Ìtàn "Eki" yẹn, ọkùnrin kankan ò bá a kọ ọ́. Yamashita fúnra ẹ̀ máa ń kọ "Plastic Love" lórí ìtàgé tiẹ̀, ó wà nínú àwo "Joy" tó gbé jáde ní 1989. Ọkọ ló ń kọ orin ìyàwó níbẹ̀ o. Ó máa ń ká mi lára gan-an tí obìnrin bá ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ayé tí wọ́n á tún máa wá ọkùnrin tí wọ́n máa gbé e fún.

Ní ti ìta, òun ló yàn bẹ́ẹ̀. Ó ń tọ́ ọmọ, ó ń bójú tó ilé, orúkọ tó tiẹ̀ ń pe ara ẹ̀ ni pé ìyàwó ilé tó ń kọ orin tó sì ń kọrin lòun. Ó ṣeré ní gbọ̀ngàn ńlá Budokan ní Tokyo ní 2000, gbogbo ayé rọ́ lọ, ṣùgbọ́n kó tó tún lọ káàkiri ìlú wọn láti ibì kan dé ibì kan, 2014 ló dé, èyí tó ti ṣe gbẹ̀yìn ti tó ọdún 33. Láàárín ìgbà yẹn àwo ń jáde, ọjà ń rà á. Ó tún ṣe káàkiri ní 2025, ẹni 70 ọdún, nínú àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá, lẹ́yìn tí "Precious Days" jáde ní 2024.

Èyí tó wú mi lórí jù ni "Inochi no Uta". Eré orí tẹlifíṣọ̀n NHK kan tí wọ́n gbé ka ìlú ẹ̀ Shimane ni wọ́n kọ́kọ́ fi orin yẹn sí, "Dandan", orúkọ míì ló fi kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, "Miyabi", àwọn ìbejì tó ṣeré náà ló kọ ọ́ lórin. Orin ọpẹ́ ni, ọpẹ́ fún ẹ̀mí àti fún àwọn tá a bá pàdé láyé. Nígbà tó yá òun náà kọ ọ́, òun ló sì kọ ní alẹ́ December 31, 2019 lórí Kohaku, ètò orin tí gbogbo ilé ní Japan máa ń wò kí ọdún tó yí. Ìgbà àkọ́kọ́ ẹ̀ lórí ètò yẹn nìyẹn, lẹ́yìn ọdún 41 nínú iṣẹ́! Gbogbo ayé ń retí "Plastic Love" lọ́wọ́ ẹ̀, "Inochi no Uta" ló mú lọ fún àwọn ará ilé ẹ̀. Èmi tí mo bí ìbejì, ẹ ẹ̀ ní bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀.

eléré_bẹ́ẹ̀sì:

Ọmọ Ṣàgámù, ibi tó o máa bẹ̀rẹ̀ rèé. Gbọ́ "Variety" látòkè délẹ̀, má fo ìkankan. Tó o bá fẹ́ràn ìlù ẹ̀, lọ sí "Miss M" ti 1980, Los Angeles ni wọ́n ti ṣe ìdajì ẹ̀, David Foster àti Jay Graydon, àwọn gbajúmọ̀ olórin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà "Request".

àkànbí_ọ̀rọ̀dùn:

Kó fi "Jinsei no Tobira" kún un, inú "Denim" ti 2007 ló wà. Ó ti lé ní 50 ọdún nígbà tó kọ ọ́, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka ọjọ́ orí látorí 20 títí dé 90, ó ń wí dáadáa nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kó fi ránṣẹ́ sí màmá ẹ̀ náà, Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ ò le.