Ṣé a ń tọpa sátẹ́láìtì ni, àbí a ń dènà dè é?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n wa dá a lábàá pé, ní èdè Yorùbá, kí a máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń fi rédíò àti kọ̀ǹpútà mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà ní "títọpa". Àbúrò kan gbà á lẹ́nu wọn, ó ní kí a tiẹ̀ gbé "sátẹ́láìtì" fúnra rẹ̀ jù sílẹ̀, kí a máa pè é ní "òṣùpá àtọwọ́dá". Ẹ jẹ́ kí n tètè yanjú ti àbúrò. Ó dùn létí lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò pe ẹni tó ń tún díìṣì ṣe pé òṣùpá àtọwọ́dá òun kò gbé bọ́ọ̀lù mọ́ láti ìgbà tí òjò àná ti rọ̀? Sátẹ́láìtì ti di ọmọ ilé. Kó máa jókòó.

Ti Ẹ̀gbọ́n ló gba kí a jókòó tì í. Ipa ni ohun tí nǹkan fi sílẹ̀ níbi tó ti kọjá. Ẹni tó ń tọpa, ẹ̀yìn ló wà. Ohun tó ń wá ti lọ. Ẹ wá wo ISS, ibùdó òfurufú àgbáyé, sátẹ́láìtì ńlá tí àwọn èèyàn ń gbé inú rẹ̀. Bíi kìlómítà 400 ló ga sí wa, èyí tí kò tó ìrìn Èkó sí Abuja. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlómítà 28,000 ló ń sá ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú bíi 93 ló sì fi ń yí ayé po. Láti ìgbà tó bá yọ sí ẹni tó dúró lójú kan títí tó fi wọ̀, kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ta ló fẹ́ tọpa irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Kí ẹ tó gbé ojú sókè, ó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀.

Ohun tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ń ṣe ni pé ó ń ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Á wá ìlà nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ń ṣe àpèjúwe ìrìn sátẹ́láìtì náà, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì 69, á kó wọn fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sọ aago tí yóò yọ àti igun tí yóò gbà yọ. Á kọjú áńtẹ́nà sí igun yẹn kí ó tó dé. Bó bá jẹ́ pé orí ìgbì rédíò 145.800 MHz ló fẹ́ gbọ́ ọ, kò ní fi rédíò síbẹ̀ gan-an. Á yí i sí bíi 145.803, nítorí ohun tó ń sáré bọ̀ lọ́dọ̀ ẹni, ohùn rẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá dé ọ̀gangan, á dá a padà sí 145.800. Bó bá ti ń kọ ẹ̀yìn sí i, ó di 145.797. Tí ẹnìkan bá ṣe báyìí fún ẹran nínú igbó, a ò ní pè é ní títọpa. Dídènà dè ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní olè ló ń dènà de èèyàn. Olè ń ṣe é, ọdẹ náà ń ṣe é, ìyá tó fẹ́ mú ọmọ tó ti ilé ìwé sá náà ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ̀bi. "Ìdúródè" tí àwọn kan lè fẹ́ràn jù kò ní ọ̀nà nínú, ọ̀nà sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Èyí kò ní kí a sọ títọpa nù. Iṣẹ́ àwọn tó ń fi rédà, ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá nǹkan, wo ibi tí sátẹ́láìtì gbà kọjá, tí wọ́n sì ń ti inú rẹ̀ kọ ìlà méjì yẹn, títọpa pọ́ńbélé ni. Atẹ́gùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó kù lókè yẹn ń fa sátẹ́láìtì sẹ́yìn, nítorí náà wọn kì í kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sinmi. Ẹni tó bá lo ìlà àtijọ́ á dènà síbi tí kò sí. Lọ́dún 1957, nígbà tí Soviet Union ju Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, sókè, William Guier àti George Weiffenbach ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà kàn gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ bó ti ń kọjá ni, wọ́n sì ti ibẹ̀ ṣírò ọ̀nà tó ń gbà. Ohùn ni ipa tó fi sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ará FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, náà bá irú rẹ̀ pàdé pẹ̀lú sátẹ́láìtì wọn, Nigeria EduSat-1, àpótí kékeré tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Láti ara ISS ni wọ́n ti tú u sílẹ̀ ní July 2017, òun àti mẹ́rin mìíràn tí wọ́n jọra bí ìbejì: ti Japan, Ghana, Mongolia àti Bangladesh. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọpa, kí ẹ mọ èwo ni tiyín, kí ẹ tó lè dènà dè é. Ọdún 2019 ló já bọ́, tó jóná.

Ẹnìkan tún ní a kò lè lo "yọ" àti "wọ̀" fún un, pé ìlà-oòrùn ni nǹkan ń gbà yọ, ISS sì máa ń ti ọwọ́ ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Ẹ dákun, níbo ni àwọn Mùsùlùmí ń wò tí wọ́n bá ń wá oṣù Ramadan? Ìwọ̀-oòrùn kọ́? Ó yọ, ó wọ̀. Tó bá sì gba orí wa gan-an kọjá, ó kàtàrí. Kò sí èyí tí a fẹ́ ṣẹ̀dá níbẹ̀.

Ó ku ọ̀nà tí sátẹ́láìtì ń gbà yí ayé po, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "orbit". "Ọ̀nà ìyípo" ni mo fara mọ́, èyí tó sún mọ́ wa ("low Earth orbit") kí ó jẹ́ "ìyípo ìtòsí". "Ìyípo ìsàlẹ̀" á dà bíi pé abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbà. Ti "ọ̀nà àyíká" ni n kò fẹ́ gbọ́ rárá: ẹni tó bá gbọ́ "sátẹ́láìtì àyíká" á rò pé àwọn wolé-wolé ló fi ránṣẹ́ láti wá wo gọ́tà.