Ìdáhùn ti jáde lórí ìlà parallel tí mo béèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àdúrótì. Lọ́jọ́ Àìkú ni mo béèrè pé ìlà wo ló parallel sí 3x − 2y = 8 (ìyẹn ni pé wọn ò ní pàdé láé), tó sì gba ojú àmì (4, −1) kọjá. Ọmọbìnrin mi tó ń múra WAEC mú y = 3x − 13 wá, ìwé ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

A ti rí ibi tí a ti ṣìnà. A rí 3 níwájú x, a sì gbà pé òun ni gradient, ìyẹn bí ìlà náà ṣe dagun tó. Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ àfi tí y bá dá dúró. Nígbà tí a dá y sọ́tọ̀, ó di y = 3x/2 − 4, gradient sì jẹ́ 3/2. Gradient kan náà ni àwọn ìlà tó bá parallel máa ń ní, a wá kọ y = 3x/2 + c (c ni ibi tí ìlà náà ti gé ìlà y), a fi àmì náà sí i: −1 = 6 + c, c di −7. Ìdáhùn ni y = 3x/2 − 7.

Ẹni tó dáhùn pé ká fi 3x − 2y sílẹ̀ bó ṣe wà, ká kàn wá nọ́ńbà tuntun tó máa rọ́pò 8, ẹ ṣeun gan-an ni. 3(4) − 2(−1) = 14, nítorí náà 3x − 2y = 14. Ìlà kan náà ni, ó sì yá ju tèmi lọ.

Kubwa ní Àbújá là ń gbé, mo sì mú ọmọ mi lọ wo ojú irin rélùwéè tó lọ sí Kàdúná. Irin méjèèjì dorí kọ ibì kan náà, 1,435 mm ló wà láàárín wọn, wọn ò pàdé. Gradient kan náà, c ló yàtọ̀. Ó wò ó títí, ó ní, “Mọ́mì, ó ti yé mi.” Omi lé sójú mi.

Mo ti ìbéèrè yìí pa o.